Lẹ́kíṣọ̀ ìrọ̀lẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ AA ní London: ṣé ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ wọn lè lọ jókòó gbọ́?

Ọmọ_Àkúrẹ́
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka Architecture nílé, FUTA ni mo ti jáde, London ni mò ń gbé báyìí àmọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe, iṣẹ́ alẹ́ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọwọ́ mi ti kúrò nínú ilé yíyà, mo tiẹ̀ ń rí i pé ọkàn mi náà ti fẹ́ máa kúrò níbẹ̀. Ẹnì kan wá sọ fún mi pé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àkítẹ́ẹ̀tì kan wà ní Bedford Square, Architectural Association, AA ni wọ́n ń pè é, pé wọ́n máa ń pe àwọn àkítẹ́ẹ̀tì ńlá láti káàkiri ayé wá sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́, ará ìta náà sì lè wá. Ṣé òótọ́ ni pé ọ̀fẹ́ ni? Ṣé wọn ò ní bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé káàdì akẹ́kọ̀ọ́ mi dà? Ṣé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ á tiẹ̀ yé ẹni tó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti kúrò nílé ìwé? Àbúrò mi ọkùnrin náà ń ka iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ní Àkúrẹ́, ọdún kẹta ló wà, bí ọ̀nà bá wà tí òun náà lè fi jẹ nínú ẹ̀ láti ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lóye.

Ìyá_Ìbejì_Peckham
Àbúrò mi, káàbọ̀. Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ jù nínú ẹ̀ ló jẹ́ ọ̀fẹ́, gbogbo èèyàn ló sì lè wá. Kó o tó kúrò nílé ṣá, wo ojú ewé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tí wọ́n kọ Public Programme sí, torí pé àwọn kan wà tí wọ́n á ní kó o kọ orúkọ sílẹ̀ ṣáájú, àwọn kan wà tó jẹ́ pé kó o ṣáà máa bọ̀. Bó o bá fi íméèlì ẹ sílẹ̀ fún wọn, wọ́n á máa fi ètò ránṣẹ́ sí ẹ. Ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé ni wọ́n máa ń ṣe é, láti òpin oṣù kẹsàn-án wọ oṣù kẹwàá ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, bí ọlidé bá dé wọ́n á dáwọ́ dúró, nítorí náà má rí oṣù tí kò sí nǹkan kó o rò pé ó ti parí.

Ẹnu ọ̀nà yẹn, má jẹ́ kó dẹ́rù bà ẹ́ o. Kò jọ ilé-ẹ̀kọ́ rárá. Ilé àtijọ́ ni gbogbo ilé Bedford Square, wọ́n ti kọ́ wọn láti nǹkan bí 1775 sí 1783, ilé àwọn olówó ayé ìgbà yẹn ni, bíríkì tó ti dúdú, ilẹ̀kùn kan tẹ̀lé èkejì, AA wá so mélòó kan pọ̀ nínú wọn, nọ́ńbà 36 lẹnu ọ̀nà wà. Èèyàn lè máa kọjá níwájú ẹ̀ kó rò pé ọ́fíìsì lọ́yà ni. Tẹ ilẹ̀kùn, wọlé, kí ẹni tó jókòó síbẹ̀, sọ pé lẹ́kíṣọ̀ lo wá gbọ́, wọ́n á júwe ibi tó wà fún ẹ. Kò sẹ́ni tó ń béèrè káàdì akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ mi. Tottenham Court Road ni kó o ti bọ́ọ́lẹ̀, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Tètè dé. Gbọ̀ngàn wọn ò tóbi, bí ẹni tó lórúkọ bá ń bọ̀, ẹ̀yìn lo máa dúró sí. Aṣọ tó bá wà lọ́rùn ẹ ti tó.

Káfíńtà_Lewisham
Káfíńtà ni mí, mi ò ka iṣẹ́ àkítẹ́ẹ̀tì rí, àmọ́ mo máa ń lọ, ẹnikẹ́ni ò sì wò mí bíi pé mo ṣìnà. Ohun tí mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì ni pé má lọ lófìfo. Bó o bá ti rí orúkọ ẹni tó ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀, wá ilé kan péré tó kọ́, kan péré o, kó o wo fọ́tò ẹ̀ dáadáa, bí òrùlé ṣe jókòó sórí ògiri, ibi tí omi òjò ń gbà, ibi tí igi àti irin ti pàdé. Bó o bá ti mọ ilé kan yẹn kó o tó débẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn tó bá ń sọ, wàá rí ibi tó o máa so ó mọ́.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn ò ní fi ìgun ilé kan hàn ẹ́, èrò lásán ni wọ́n máa sọ, sláìdì tó jẹ́ kìkì ọ̀rọ̀. Mi ò sọ pé kò dáa, àwọn tó ń kọ́wèé nílò ẹ̀, ṣùgbọ́n fún ẹni tó fẹ́ kí ọwọ́ òun padà sínú iṣẹ́, èmi á ní kó o kọ́kọ́ mú àwọn tó ń fi bí wọ́n ṣe kọ́lé hàn, tí wọ́n ń gbé fọ́tò sáìtì jáde, tí bíríkìlà àti wẹ́dà wà nínú ẹ̀. Ojú ètò wọn lo ti máa mọ̀, wo àkọlé ọ̀rọ̀ àti fọ́tò tí wọ́n fi sí i.

Mú ìwé kékeré dání. Má kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ torí wàá rí fídíò ẹ̀ bó bá yá, àwòrán ni kó o máa yà. Bí sláìdì kan bá jáde tó fi ilé hàn bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ là á láàrin méjì, section yẹn, yà á kíákíá, fi ọfà sí ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde, fi èèyàn kan dúró síbẹ̀ kó o lè mọ bó ṣe ga tó. Ọwọ́ ẹ á padà. Kì í sì í ṣe AA nìkan, Bartlett, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àkítẹ́ẹ̀tì ti University College London (UCL), wà ní Gordon Street, ẹsẹ̀ lo máa fi rìn dé ibẹ̀ láti Bedford Square, àwọn náà ní lẹ́kíṣọ̀ tiwọn tí ará ìta lè wọ̀. Lóṣù kẹsàn-án tún ni Open House, tí wọ́n máa ń ṣí ilẹ̀kùn ilé oríṣiríṣi káàkiri London fún aráàlú, ọ̀fẹ́ ló pọ̀ jù, ohun tó o gbọ́ ní lẹ́kíṣọ̀, o lè lọ fọwọ́ kàn án níbẹ̀.

Àgbà_Yábàá
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ n dá sí i. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ àkítẹ́ẹ̀tì, Èkó ni mo wà, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára nítorí pé ẹni tó bá ń béèrè pé ṣé wọ́n á jẹ́ kí òun wọ ibẹ̀ yẹn, ó yẹ kó mọ̀ pé àwọn èèyàn ẹ̀ ti wà nínú ìtàn ibẹ̀ tipẹ́.

Ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, 1847 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Kì í ṣe ọba ló dá a sílẹ̀, kì í sì í ṣe ìjọba. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá ni, ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń rí gbà lójú iṣẹ́ ò tẹ́ wọn lọ́rùn, ni wọ́n bá kó ara wọn jọ pé ká máa pàdé nírọ̀lẹ́, ká máa bá ara wa sọ̀rọ̀, ká máa yẹ iṣẹ́ ara wa wò. Nítorí náà lẹ́kíṣọ̀ ìrọ̀lẹ́ tí ẹ rí yẹn, òun gan-an ni ìpìlẹ̀, kíláàsì àti ìwé ẹ̀rí, ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n dé.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Lẹ́yìn ogun Hitler, àwọn ọmọ wa tó ń ka iṣẹ́ àkítẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ń kọ́ wọn, bí a ṣe ń ti ooru mọ́nú, nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀ tí wọ́n ń padà sí, bí a ṣe máa lé ooru jáde ni wàhálà ibẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà kan, Adedokun Adeyemi, tó ń kàwé ní Manchester, òun ló gbé ọ̀rọ̀ yẹn dìde, títí tó fi di àpérò lórí iṣẹ́ àkítẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ olóoru tí wọ́n ṣe ní University College London lọ́dún 1953. Nígbà tó di 1954, AA dá ẹ̀ka Tropical Architecture sílẹ̀. Maxwell Fry, àkítẹ́ẹ̀tì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ ṣe olórí ẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀ ni Otto Koenigsberger, ọmọ Jámánì tó sá kúrò lọ́dọ̀ Hitler tó ti lọ ṣiṣẹ́ ní Íńdíà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè ìbéèrè, ilé-ẹ̀kọ́ ní láti dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ nítorí ẹ̀. Lọ́dún 1971 ẹ̀ka yẹn kó kúrò ní AA lọ sí UCL, òun ló di Development Planning Unit títí dòní, àwọn náà máa ń ṣe àpérò tí ará ìta lè lọ, bí ọ̀rọ̀ ìlú ńlá àti ilé àwọn tálákà bá jẹ ẹ́ lógún, má yọ wọ́n sílẹ̀.

Maxwell Fry yẹn àti ìyàwó ẹ̀ Jane Drew, tó jẹ́ pé AA ló ti kàwé, àwọn ló ya Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ lọ wo ibi ìkàwé Kenneth Dike, ògiri oníhò tí wọ́n fi bò ó, kí oòrùn má lè wọlé tààrà kí atẹ́gùn sì lè máa fẹ́ kọjá. Ẹ wo bí wọ́n ṣe fi ilé wọ̀nyẹn lélẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, ẹ̀gbẹ́ kúkúrú ló kọjú sí ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn, yàrá kan péré ni fífẹ̀ ilé kí fèrèsé lè wà ní ìhà méjèèjì. John Godwin àti Gillian Hopwood náà, AA ni wọ́n ti kàwé, wọ́n dé Èkó ní 1954, ibẹ̀ ni wọ́n sì gbé ṣe gbogbo iṣẹ́ ayé wọn, John tún wá kọ́ àwọn ọmọ wa ní Unilag. Nítorí náà, ọmọ mi, wọlé kó o jókòó níwájú.

Ọmọ_Àkúrẹ́
Bàbá, ẹ ṣeun gan-an ni o, ẹ ò mọ bí ọ̀rọ̀ yín ṣe wọ̀ mí lára tó. Gbogbo ọdún tí mo lò nílé ìwé, mo gbọ́ orúkọ Fry àti Drew, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ Adeyemi fún mi rí.

Ọ̀dọ́_Ifẹ̀
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ti àbúrò yín tó wà ní Àkúrẹ́ ni mo fẹ́ sọ, torí pé akẹ́kọ̀ọ́ lèmi náà, OAU ni mo wà.

Ẹ sọ fún un kó lọ sórí YouTube, AA ní ojú ewé tiwọn níbẹ̀, Harvard GSD, ilé-ẹ̀kọ́ àkítẹ́ẹ̀tì ti Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, náà ní. AA ti ń gba lẹ́kíṣọ̀ sílẹ̀ lórí fídíò láti àwọn ọdún 1970, nígbà tí Alvin Boyarsky jẹ́ olórí wọn, nítorí náà èèyàn á rí èyí tó ti pẹ́ gan-an, á rí Zaha Hadid, àkítẹ́ẹ̀tì olókìkí tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wọn nígbà kan tó ń padà wá sọ̀rọ̀ fún wọn. Ní ti dátà, tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn lásán 360p ti tó, àmọ́ bí àwòrán ilé bá ti jáde kó gbé e lọ sí 720p torí pé ìlà tín-ín-rín ò ní hàn rárá. Kó gbà á sílẹ̀ lálẹ́ tí dátà bá dínwó. Kó tan ọ̀rọ̀ tó ń jáde nísàlẹ̀ fídíò, kó dín ìyára ẹ̀ kù sí 0.75 bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ń sáré, àmọ́ kó má fọkàn tán ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn jù nítorí ó máa ń gbọ́ orúkọ èèyàn àti ìlú sódì.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé kó má dá a wò. Àwa níbí, a máa ń kó ara wa jọ sí stúdíò, ẹnì kan gbé laptop, ẹnì kan lọ yá projẹ́kítọ̀, bí ilé kan bá jáde a dá a dúró, ẹnì kan á yà á sára bọ́ọ̀dù, a máa bá ara wa jiyàn lórí ẹ̀ kí a tó máa lọ. Èyí tó wọ̀ wá lára jù ni ti Francis Kéré, ọmọ abúlé Gando ní Burkina Faso, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba Pritzker, àmì ẹ̀yẹ ńlá àwọn àkítẹ́ẹ̀tì, ní 2022. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó kọ́ sí abúlé ẹ̀, tó parí ní 2001, akẹ́kọ̀ọ́ ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ní Berlin, òun ló ń wá owó ẹ̀ kiri, àwọn ará abúlé ló kọ́ ọ. Bíríkì amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì díẹ̀ sí ni ògiri, bíríkì náà ni wọ́n fi ṣe àjà, àlàfo wà lára àjà yẹn. Páànù ò wá jókòó sórí àjà o, ó fi irin gbé e sókè jìnnà sí i. Oòrùn á gbóná lórí páànù, atẹ́gùn á gba àárín páànù àti àjà kọjá á kó ooru lọ, ooru tó wà nínú kíláàsì náà á gba àlàfo àjà gòkè jáde. Ẹ wo ilé tiwa báyìí, páànù kàn lé orí igi, sílíìnì wà lábẹ́ ẹ̀ gbádígbádí, ooru há sáàárín, lálẹ́ ó ń rọ̀ lé wa lórí. Nígbà tí a wo fídíò yẹn tán, a gbéra lọ sí ilé Humanities tí Arieh Sharon, àkítẹ́ẹ̀tì ọmọ Ísírẹ́lì, yà síbí, tó jẹ́ pé bó ṣe ń gòkè ló ń fẹ̀ sí i, àjà òkè ló ń ṣíji bo àjà ìsàlẹ̀, a wá ń wò ó bíi pé a ò rí i rí bẹ́ẹ̀ abẹ́ ẹ̀ là ń gbà lójoojúmọ́. Ìdí tí lẹ́kíṣọ̀ fi dáa nìyẹn lójú tèmi, ó máa ń lé èèyàn jáde lọ wo ohun tó wà nítòsí ẹ̀.

Ọmọ_Mushin
Mo ti ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, inú mi dùn sí i, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, kí ẹ má bínú. Ó ń dùn mí pé gbọ̀ngàn tó jìnnà sí wa ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ wa. Rem Koolhaas, àkítẹ́ẹ̀tì ọmọ Netherlands, AA ló ti kàwé, ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Harvard wá sí Èkó, wọ́n wo gòsúlóò, wọ́n wo ọjà Aláàbà, wọ́n gbé ọkọ̀ òfurufú wò ó látòkè, wọ́n padà lọ sọ fún ayé pé Èkó ní ètò tiẹ̀ nínú rúdurùdu ẹ̀. Èmi tí wọ́n bí sí Mushin, tí omi ń wọ ilé bàbá mi nígbà òjò, ṣé ẹnì kan bi mí? Ní 2024 V&A, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní London, ṣe ìpàtẹ lórí iṣẹ́ àkítẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ olóoru, AA àti yunifásítì KNUST ti Kumasi lọ́wọ́ sí i, ó dáa, àmọ́ Ghana àti Íńdíà ni wọ́n gbájú mọ́, bẹ́ẹ̀ Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa tán pé ọmọ Nàìjíríà ló béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́. Kí ló dé tí a ó máa sáré lọ gbọ́ ìtàn ara wa lẹ́nu ẹlòmíì?

Àgbà_Yábàá
Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń bínú sí. Èmi náà ti bá àwọn ẹgbẹ́ mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ Koolhaas yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú, a ò sì parí ẹ̀. Àmọ́ wo ohun tí Adeyemi ṣe, kò jókòó sílé pé wọn ò kọ́ mi ní ohun tó kàn mí. Gbọ̀ngàn yẹn náà ló lọ. Ní 2023 Lesley Lokko, tó jẹ́ ọmọ Ghana àti Scotland, tó ti ka iṣẹ́ àkítẹ́ẹ̀tì ní Bartlett, òun ló darí ìpàtẹ àkítẹ́ẹ̀tì ti Venice, wọ́n sì fún Demas Nwoko ní àmì ẹ̀yẹ Golden Lion fún iṣẹ́ gbogbo ayé ẹ̀. Nwoko yìí, iṣẹ́ ọnà ló kà ní Zaria, kò ka àkítẹ́ẹ̀tì. Ilé ìsìn àwọn Dominican tó kọ́ sí Ìbàdàn wà níbẹ̀, New Culture Studio tó kọ́ sí Mọ́kọ́lá wà níbẹ̀, gbogbo ìgbà tí a ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mélòó nínú wa ló wọlé lọ wò ó? Ó yẹ kí a ní lẹ́kíṣọ̀ tiwa, tó lágbára, tó ṣí sílẹ̀ fún bíríkìlà àti ìyá ọlọ́jà, kí a gbà á sílẹ̀ lórí fídíò, mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Méjèèjì ni kí a ṣe.

Bọ̀dá_Boston
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ìlú Boston ni mo wà, Harvard GSD lèmi máa ń lọ. Gund Hall ló ń jẹ́, ní Quincy Street ní Cambridge, gbọ̀ngàn Piper ni lẹ́kíṣọ̀ ti máa ń wáyé, ọ̀fẹ́ ni, ará ìta lè wọlé, wọ́n sì máa ń gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀, ẹni tó wà nílé lè máa wò ó bó ṣe ń lọ. Kéré ti kọ́ni níbẹ̀ rí, Kunlé Adeyemi, àkítẹ́ẹ̀tì ọmọ Nàìjíríà tó jáde ní Unilag, náà ti kọ́ni níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìbéèrè ni mo fẹ́ sọ, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń pa ẹnu mọ́, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Àwọn kan á gba maikí, wọ́n á máa sọ ìtàn ara wọn títí àwọn èèyàn á fi bẹ̀rẹ̀ sí wo aago. Kọ tìẹ sílẹ̀ kí wọ́n tó ní ó yá. Ohun kan péré ni kó o béèrè, kó jẹ́ nípa ilé kan tó fi hàn, kó jẹ́ ohun tí ìwọ mọ̀ látinú ìlú ẹ tí òun lè má mọ̀. Ẹ wo ilé ìwé orí omi ti Mákòókò tí Kunlé Adeyemi kọ́ ní 2013, ìjì òjò wó o ní 2016, ọdún yẹn kan náà ni irú ẹ̀ tó gbé lọ sí ìpàtẹ Venice gba àmì ẹ̀yẹ Silver Lion. Ìbéèrè tó dáa lórí irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kí a fi ṣe yẹ̀yẹ́, kì í sì í ṣe kí a máa yìn ín nìkan. Kí a béèrè pé nígbà tí fọ́tò parí tí àwọn àlejò lọ, ta ló ń tún un ṣe, owó ta ló ń ná, ta ló ń yẹ igi ẹ̀ wò. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ á mú kí gbogbo ilé dákẹ́ gbọ́ ẹ, ẹni tó dúró sórí pèpéle gan-an á dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ.

Ìyá_Ìbejì_Peckham
Bọ̀dá Boston ti sọ ọ́ tán. Àbúrò mi, mo fẹ́ kó o mọ̀ pé bí lẹ́kíṣọ̀ bá parí, má sá lọ. Àwọn èèyàn máa ń dúró díẹ̀, wọ́n á mú wáìnì tàbí omi, ibẹ̀ lo ti máa rí akẹ́kọ̀ọ́ tó máa sọ fún ẹ pé ọ́fíìsì báyìí báyìí ń wá èèyàn. Sọ pé o jáde ní FUTA, má fi bò. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ alẹ́ lo ní, wo ọjọ́ tó o máa wà ní ọ́ọ̀fù ṣáájú, kó o fi tó mánéjà ẹ létí ní kùtùkùtù, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ni lẹ́kíṣọ̀ máa ń parí lẹ́yìn aago mẹ́jọ.

Ọmọ_Àkúrẹ́
Ẹ ṣé, ẹ̀yin àǹtí mi. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé èèyàn lè fi sínú CV pé òun lọ síbẹ̀?

Ìyá_Ìbejì_Peckham
O lè fi ìlà kan sí i níbi tó o ti kọ ohun tó ò ń ṣe láti fi kún ìmọ̀ ẹ, àmọ́ má kọ ọ́ sí ibi ìwé ẹ̀rí. Kì í ṣe Part 1, kì í ṣe Part 2, ìyẹn àwọn ìpele tí èèyàn ń gbà di àkítẹ́ẹ̀tì níbí, kò sì ní kà fún ARB, àjọ tó ń forúkọ àwọn àkítẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Rántí pé níbí, òfin 1997 ló dáàbò bo orúkọ architect, ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ARB ò gbọ́dọ̀ máa fi architect ṣòwò, bí ARCON, àjọ tó ń forúkọ àwọn àkítẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní Nàìjíríà, náà ṣe ń ṣe nílé. Nítorí náà kọ pé o ka Architecture, kọ FUTA síbẹ̀ gbàgàdà, má kọ pé architect ni ẹ́ níbí títí wàá fi parí ètò wọn. Lọ sí ojú ewé ARB fúnra ẹ kó o ka ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kàwé lókè òkun, má gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń gba owó ìmọ̀ràn.

Káfíńtà_Lewisham
Ẹni tó bá sì ní kó o san owó fún lẹ́kíṣọ̀ kan, kọ́kọ́ lọ wo ojú ewé ilé-ẹ̀kọ́ náà kó o tó na kọ́bọ̀.

Ọ̀dọ́_Ifẹ̀
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá máa lọ, ẹ gbé ìbéèrè kan lọ fún wa. A ti jiyàn lórí ẹ̀ ní stúdíò, ẹnikẹ́ni ò rí ìdáhùn. Ògiri oníhò tí Bàbá sọ yẹn, àti fèrèsé lúfà, a mọ̀ pé ó dáa, àmọ́ eruku ọyẹ́ ń wọlé, ẹ̀fọn ń wọlé, òjò tó bá fẹ́ atẹ́gùn wá ń wọlé. Ní ọ̀pọ̀ ilé ayé ìgbà yẹn, àwọn èèyàn ti fi búlọ́ọ̀kù dí i, wọ́n gbé AC sí i, iná wá lọ, inú ilé wá gbóná ju bó ṣe wà kí wọ́n tó dí i lọ.

Àgbà_Yábàá
Ìbéèrè tó lórí ni èyí. Ẹ fi kún un pé nẹ́ẹ̀tì tí a fi ń dènà ẹ̀fọn, ó ń dín atẹ́gùn kù gidi gan-an, nítorí náà ihò tó tó tẹ́lẹ̀ ò ní tó mọ́. Bí ẹni yẹn bá ti kọ́lé nílẹ̀ olóoru rí, ó gbọ́dọ̀ ní nǹkan tó máa sọ sí i.

Bọ̀dá_Boston
Ó dáa gan-an, àmọ́ ó gùn. Ẹ gé e kù sí ìlà méjì.

Ọmọ_Àkúrẹ́
Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún èyí tó ń bọ̀, mo sì ti bá ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀ alẹ́ ọjọ́ yẹn. Bí mo ṣe kọ ọ́ sínú fóònù nìyí, ẹ bá mi wò ó: «Ilé tí ẹ fi hàn wá yìí, ihò ara ògiri ló jẹ mí lógún. Bí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ bá fẹ́ dènà ẹ̀fọn àti eruku láìdí i pa, kí ni ẹ ti yà sílẹ̀ fún un, ta ló sì máa tún un ṣe lẹ́yìn ogún ọdún?»

Ọ̀dọ́_Ifẹ̀
Ó pé, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá ti gbọ́ ìdáhùn, ẹ kọ ọ́ síbí, stúdíò la máa wà.

Ìyá_Ìbejì_Peckham
Èmi náà ń bọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo máa tètè dé láti bá ẹ gba ìjókòó sílẹ̀ níwájú, nítòsí maikí.